Ta Ló Ni Orúkọ Yìí?

Ó rẹ̀ mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń tọ́jú Mama Horáková nílé wọn ní Richmond. Bí mo bá ṣe tán níbẹ̀, mo ṣì máa wa mọ́tò dé ilé mi ní Brays Oaks.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù tí mo fi fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà sórí tábìlì. Tẹjú Adéògún ni mo kọ sókè. Ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé o fẹ́ yí orúkọ rẹ padà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri nínú báàgì. Adéògún tó jẹ́ ọkọ mi ti kó lọ bá obìnrin kan ní Missouri City, kóòtù sì ti tú wa ká. Ó yọ mí kúrò lórí láìnì fóònù ẹbí pàápàá, nọ́mbà tuntun ni mò ń lò. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló gbàgbé sí mi lára.

"Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀?" Mama Horáková bi mí. Ọmọ Slovakia ni wọ́n, wọ́n ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Alágbẹ̀dẹ ni ìtumọ̀ orúkọ bàbá mi, Kováč. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin kì í jẹ́ Kováč. Kováčová ni mí. Ová yẹn, látijọ́, ohun tó ń sọ ni pé ti Kováč ni mí. Mo fẹ́ Horák, ìyẹn ará orí òkè, mo di Horáková. Wọ́n kàn gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin kan fún òmíràn ni."

"Ṣé ó tọ́jú yín?"

"Rárá." Wọ́n fa aṣọ bo orúnkún. "Nígbà tó kú, mo rò ó pé kí n padà sí ti bàbá mi. Ó ti rẹ̀ mí. Mo jókòó, mi ò yí i padà."

Inú bí mi sí wọn, mi ò sì mọ ìdí. Mo rántí ilé àwọn Adéògún ní Ìkirè. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí, látorí ìyá ọkọ mi títí dé orí ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikun ń dà nímú rẹ̀. Èmi kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ yẹn lórúkọ, Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, èmi ni mo ń wá orúkọ dídùn fún gbogbo wọn. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó pe tèmi rí. Ó dùn mí.

Mo mú bírò, mo fàlà sí Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ Tẹjú Ọlátúnbọ̀sún. Orúkọ bàbá mi ni, mo mọ̀ pé ọkùnrin lòun náà. Ṣùgbọ́n òun ò fi mí sílẹ̀ rí.

Mama Horáková wo ìwé náà títí. "O lágbára," ni wọ́n wí.

"Mi ò lágbára kankan, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí jù láti máa gbé e kiri ni."

Ó ku kí n sọ fún ìyá ọkọ mi kí wọ́n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo pè wọ́n ní Ìkirè, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Tẹjú ni."

Mò ń gbọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn.

"Tẹjú," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí. "Tẹjú wo nìyẹn?"