Omi Fúnkẹ́mi Bọ́ Sínú Ọpọ́n

Èmi nìkan ni mo rí i. Nínú gbogbo Adó, ojú mi méjèèjì yìí nìkan ló rí omi Fúnkẹ́mi ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ṣí fáàfù, omi gbéra lẹ́nu páìpù, ó gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ ojú sánmà, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì bọ́ sínú ọpọ́n kọnkéré tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí i. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀!

Èmi Ayọ̀rìndé, púlọ́ńbà tí kò sí irú ẹ̀ láti ibí dé Ijan, èmi ni mo so páìpù ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́mi ló ṣírò ẹ̀. Físíìsì ló kà ní yunifásítì, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí nìyí. Màmá Ọládipúpọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Ìlá, ló fẹ́ fáúntéènì, omi ẹ̀ṣọ́ tó ń fò sókè, síwájú ilé ẹ̀. Kò fẹ́ pọ́ǹpù, torí ta ló gbójú lé iná? Fúnkẹ́mi ní táǹkì orí òpó tó láti ti omi ọ̀hún. Ó ya nọ́ńbà kún ìwé méjìdínlógún.

"Tó o bá ti mọ bí omi ṣe yára tó lẹ́nu páìpù," ó sọ fún mi, "tó o sì mọ bí ẹnu páìpù ṣe kọjú sókè tó, o ti mọ ibi tó máa já sí."

Bàbá Ṣèyítán, bíríkìlà ará Igbemo tó mọ ọpọ́n náà, ní omi kì í kàwé.

Aago mẹ́sàn-án, Màmá jáde. Ọ̀sán làwọn àlejò ẹ̀ ń bọ̀. Mo ṣí fáàfù. Omi gòkè, ó tẹ̀, ó já sílẹ̀ nígbà tó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kó dé ọpọ́n. Bàtà Màmá rin gbingbin.

"Mo wí i!" Bàbá Ṣèyítán ti gbé òòlù. "Uṣẹ́ ìwé kọ́ rèé. Màmá, ẹ jẹ́ n fọ́ ọ, ká gbin òdòdó síbẹ̀."

"Ẹ dúró, Bàbá! Mo rí i láàárọ̀, inú ọpọ́n ló já sí."

"Ìwọ? Ìwọ tó o ní o bá ejò olórí mẹ́ta nínú kànga?"

"Orí méjì ni mo sọ!"

"Ayọ̀rìndé ọmọ mi," Màmá ní, "irọ́ ẹ pọ̀ ju omi táǹkì mi lọ."

Ojú Fúnkẹ́mi ti pọ́n. Ni mo bá kó sínú ọpọ́n, mo jókòó.

"Kò sẹ́ni tó máa fọ́ ọ! Orí mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ́."

"Orí ẹ le ju kọnkéré lọ, mi ò ní fi òòlù mi ṣòfò."

Fúnkẹ́mi yíjú sí mi. "Nígbà tó o rí i, àwọn tó ń pọnmi ti dé?"

"Wọn ò tíì dé."

Ẹ̀jẹ́ tí Màmá jẹ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì ni pé gbogbo àdúgbò á máa pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ táǹkì òun láràárọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì tí mo kà lé ní ẹgbàá mẹ́fà. Fúnkẹ́mi gun àkàsọ̀ lọ wo táǹkì.

"Ó ti dín sí ààbọ̀!"

"Ẹ ti ẹ̀rọ yẹn," Bàbá Ṣèyítán ní.

"Láéláé!" ni Màmá dáhùn.

"Ẹ má tì í," Fúnkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀. "Omi òkè ló ń ti tìsàlẹ̀. Òkè ti dín, agbára tìsàlẹ̀ náà ti dín, ó kàn ku ká tẹ ẹnu páìpù wálẹ̀ ni." Ó ṣírò sí àtẹ́lẹwọ́, ó gba sípánà mi, ó tẹ páìpù wálẹ̀ díẹ̀.

"O tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀?" Bàbá Ṣèyítán pòṣé. "Ẹsẹ̀ ara ẹ ló máa já lé!"

"Agbára tó ń fi gòkè ló máa fi lọ síwájú. Ẹ máa wò ó, Bàbá."

Ó ṣí fáàfù. Àtàrí mi gan-an ni omi já lé, nínú ọpọ́n tí mo jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sómi. Màmá ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ṣèyítán rọra gbé òòlù sílẹ̀.

Ọpọ́n náà ṣì wà níbẹ̀. Àmì méjì ló wà lára páìpù, ọ̀kan fún kí wọ́n tó pọnmi, èkejì fún lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣèyítán ń káàkiri, ó ń sọ pé àmì kejì nìkan ló ṣiṣẹ́, pé ti àkọ́kọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà ṣì í ṣe ni. Kò ṣì í! Nọ́ńbà àkọ́kọ́ pé. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, tàbí kẹ́ ẹ wá bá mi jà ní Òkè-Ìlá.