Ohùn Tó Wà Nínú Kúlà

Dùùrù ló ń bá mi to fọ́ọ̀mù nígbà tí Jọláadé wọlé. Dùùrù àtijọ́ kan ni, wọ́n gbé e sí ọ́fíìsì mi nítorí pé kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbé e sí, mo sì ti ń fi í ṣe tábìlì láti bí ọdún mẹ́jọ. Ó to fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ọdún kìíní sápá òsì, níbi tí ohùn rẹ̀ ti wúwo, ó to ti ọdún kẹrin sápá ọ̀tún. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ní tèmi náà ń dùn mí. A ń bá iṣẹ́ wa lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin nímọ̀ràn ní yunifásítì wa. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe gan-an ni pé mò ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan, kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀, kò lè pààrọ̀ ọ̀kan, àfi tí mo bá buwọ́ lù ú. Ogóje ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ọ́fíìsì ò kún. Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, àwọn kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn mẹ́ta wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Gbogbo wọn fi ìka sí ètè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wúkọ́, àwọn tó kù á wò ó títí tí yóò fi gbé ikọ́ náà mì.

Jọláadé kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ ọdún kejì ni, láti Ìdànrè, kì í sọ̀rọ̀ jù. Ó gbé kúlà oúnjẹ kékeré kan dání, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń gbé ìrẹsì lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé e ka orí dùùrù.

"Kí lèyí?" mo bi í.

"Ohùn tí mo fi ń kọrin ni, sà." Ohùn tó fi dá mi lóhùn kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ni, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní fèrè idẹ, ohùn ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò yà mí lẹ́nu. "Ó ṣì gbóná, sà. Bó bá fi di aago mẹ́rin tí ẹ ò tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi, á tutù. Kò sì ṣeé gbé kaná."

Aago ara ògiri ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun wà, pé kí n má dá òun lẹ́bi tó bá yá.

Ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀. Nígbà tí Jọláadé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló ní orin kíkọ làwọn wá kọ́. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti wá, kò sí èyí tó fọwọ́ kan fèrè rí. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ò ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, olùkọ́ tí kò bá sì ní akẹ́kọ̀ọ́, wọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wá pín àwọn ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n tò síwájú mi, mo ń wo ètè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ìtàn orin ni mo kọ́ ní tèmi, n ò lè fun fèrè kó dún. Nígbà tó kan Jọláadé, mo ní, "Ètè tìẹ yìí á gba fèrè," mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kò bá mi jiyàn. Ó ní ẹ ṣé, sà.

Òfin wa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè pààrọ̀ ohun tó ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọdún kejì. Fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Ẹni tí kò bá bá a, ohun tí wọ́n fún un ni yóò máa kọ́ títí tí yóò fi jáde. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Mo mú bírò. Bírò kọ orúkọ ẹlòmíràn. Mo tún un ṣe, ó kọ orúkọ obìnrin kan tó wá kọ́ dùùrù ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, tí mo sọ pé kó lọ kọ́ gìtá nítorí pé àwọn oní-dùùrù ti pọ̀ jù. Mo gbọ́ pé aṣọ ló ń tà báyìí. Mo bi bírò pé kí ló dé. Ó ní òun ò rántí orúkọ mi mọ́, pé kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí.

Ẹni yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè. Àwọn ló wà lórí àga tí mo wà yìí nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú, mo wà lára àwọn tó gbé pósí wọn. Mo gbé kúlà náà dání, mo lọ wá wọn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa gùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn yàrá kéékèèké tí àwọn ọmọ ti máa ń fi orin dánra wò wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tó wà nínú òun kí n tó kàn án. Èkíní ní omi ló kún inú òun. Èkejì ní ìsìn ń lọ lọ́wọ́, kí n má wọlé. Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan. Mo ṣí i, mo bá ara mi níbẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mò ń ta fáyólìnì, nǹkan kan ò dún. Bàtà tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi nígbà tí mo wọ yunifásítì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbóyè wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú yàrá ìyá mi, ní ilé wa ní Ìgbàrà-Òkè. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, wọ́n ń ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n tò jọ dé òrùlé. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn á sinmi níbi tí àwọn lọ, àfi bí àwọn ṣe débẹ̀ tí wọ́n ní kí àwọn máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju tibí lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé kúlà sókè kó má baà kanlẹ̀.

"Ohùn ta lo gbé dání yẹn?" wọ́n bi mí.

"Ti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni, sà. Mi ò rántí bí mo ṣe ń buwọ́ lùwé mọ́."

Wọ́n fa fọ́ọ̀mù kan yọ láàárín èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n nà án sí mi. Tèmi ni. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ọ́, ní ọdún kejì mi, níbi tí mo ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìtàn orin sílẹ̀ kí n lọ kọ́ fáyólìnì. Àyè tó yẹ kí wọ́n buwọ́ lù ṣófo.

"Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà ni," wọ́n ní. "Mo kàn dijú díẹ̀ ni."

Inú bí mi. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti gbà pé wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n sì rí i pé fáyólìnì ò yẹ mí. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bá fún wọn. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n ta. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí wọn, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ni wọ́n, wọ́n sì ti kú.

"Máa lọ," wọ́n ní. "Tóo bá débẹ̀, má jókòó."

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, wọ́n ti pààrọ̀ àga mi sí èyí tó ní tìmùtìmù. Àga náà ní kí n jókòó, ìṣẹ́jú kan péré. Mo ní wọ́n ní kí n má jókòó. Ó ní ó dáa, kí n sáà fara ti òun. Mo fara tì í, mo bá jókòó. Ara tù mí débi pé ojú tì mí. Àwọn ogóje akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín ara wọn pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Jọláadé ló ń sọ ọ́ jù.

Mo gbé kúlà lé ẹsẹ̀. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́. Ohùn inú rẹ̀ ń kọ orin kan lábẹ́ ọmọrí, bí obìnrin tó ń kọrin nígbà tó ń fọ abọ́, tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́. Mi ò gbọ́ ohùn tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bírò ti wá rántí orúkọ mi. Mo kọ lẹ́tà kìíní, mo kọ èkejì, àmọ́ orúkọ náà ò tán. Ó gùn kọjá fọ́ọ̀mù, ó gba orí dùùrù lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo ń tẹ̀lé e, ọwọ́ ń ro mí. Aago yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sápò. Ohùn inú kúlà dé àárín orin, ó dákẹ́.

Mo jí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí dùùrù, bírò wà lọ́wọ́ mi. Jọláadé jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀. Bó ṣe rí i pé mo gbórí sókè, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ojú oorun, sà."

"Ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà. Aago mẹ́ta ò tíì lù. Àwọn míì náà wá, mo ní kí wọ́n má pariwo. A rí i pé ó rẹ̀ yín."

Mo wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo pe ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Kí ló dé tí o ò jí mi?"

Ó wò mí bíi pé mo bi í ní ìdí tí kò fi gbá mi létí. "Ẹ̀yin kẹ̀, sà?" ó ní.

Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo buwọ́ lù ú. Orúkọ mi kò gùn, ó gba àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ẹ ṣé, sà, ó sì yí padà láti máa lọ. Ìgbà náà ni mo rí kúlà kékeré aláwọ̀ ewé lórí dùùrù. Mo ní kó má gbàgbé ẹrù rẹ̀.

"Kì í ṣe tèmi, sà," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo bá a. Mo rò pé oúnjẹ yín ni."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti tutù.