Owó Tí Wọ́n San Lórúkọ Twyla

Ọwọ́ Delmar Pokorny ni Twyla Kubicek ń rán lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Delmar fi ṣe ọgbà màlúù ló fà á lọ́wọ́ ya.

"Gbé e," Delmar wí látorí ibùsùn. "Bóyá ọkọ tuntun ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ mi á dúró kí n rán ọ tán. Má mira."

"Jẹ́ kó rí burúkú díẹ̀ o, kí ìyàwó mi lè gbà pé n ò lè fọ abọ́ mọ́."

Twyla rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ náà, ó fọ tirẹ̀, ó wá jáde sẹ́yìn kílíníìkì láti pe ẹni tó pè é. Lọ́yà tí iléeṣẹ́ adójútòfò gbà fún wọn ni.

"Ẹ kú oríire," lọ́yà wí. "Ẹjọ́ Tietjen ti parí. Wọ́n ti gbà láti san owó fún opó. A ò lọ kóòtù mọ́."

"Ta ló ní kí wọ́n san án?"

"Ọ̀gá yín, Dókítà Wessel, ló fọwọ́ sí i."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí èmi ni wọ́n pè lẹ́jọ́?"

"Orúkọ dókítà ló wà níwájú ìwé adójútòfò yẹn. Abẹ́ rẹ̀ lẹ wà. Ẹni tó ni ìwé ló ni ẹnu."

Twyla gbé fóònù sí etí kejì. "Orúkọ ta ni wọ́n fi san án?"

Lọ́yà náà, èèyàn dáadáa ni. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tiyín ni. Wọ́n ti kọ́kọ́ yọ dókítà kúrò nínú ẹjọ́ ná."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó pa Orval Tietjen ní ìlú Vesper Creek, ṣùgbọ́n Twyla nìkan ló mọ ohun tí òun àti Orval jọ sọ. Ìgbà ìkórè àgbàdo ni. Orval wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, kí Twyla fún òun ní oògùn kóun tètè padà sórí ẹ̀rọ ìkórè. Twyla fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó bá nǹkan tó ń sọ kìkì bí àyà níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun ti máa sọ. Ó ní kó máa lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú rẹ̀ fẹ́ bẹ́.

"Òjò ń bọ̀, àgbàdo mi ṣì wà lóko," Orval wí. "Bí mo bá kó o tán, mo máa lọ."

"Bó o bá kú, ta ló máa kó o?"

"Lorna lè wa ẹ̀rọ ìkórè ju èmi lọ."

"Ó dáa, jẹ́ kí n pè é."

Ojú Orval yí padà. "Bó o bá pe ìyàwó mi, n ò ní tẹ ibí yìí mọ́ láyé."

Òfin ò sì gbà kí olùtọ́jú tú àṣírí aláìsàn. Twyla bẹ̀ ẹ́ títí, ó sáré pe Dókítà Wessel lórí fóònù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Orval ti gbéra lọ. Orí ẹ̀rọ ìkórè ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Twyla kọ́kọ́ dé Vesper Creek, ó ti fẹ́ ra ìwé adójútòfò tirẹ̀. Igbákejì dókítà ni: ó ń yẹ aláìsàn wò, ó ń kọ oògùn, ó ń rán ọgbẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ dókítà ni. Dókítà Wessel ló ní kó má rà á.

"Ọmọ mi, òórùn ẹja ló ń pe ológbò," ó wí nígbà náà. "Bí àwọn lọ́yà bá gbọ́ pé o ní ìwé tìẹ, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá. Wá sábẹ́ tèmi. Ṣebí ẹbí ni wá?"

Àwọn igbákejì dókítà tó kù náà ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kéèyàn má fi àpò han olè. Twyla gbà. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé, lábẹ́ òrùlé ẹlòmíì, ta ló ń pàṣẹ.

Láti ìgbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ Lorna ti dé, kóòtù ló ń retí. Àwọn lọ́yà ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bá Lorna Tietjen sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìtajà, Twyla á yà síbi ọṣẹ, Lorna á yà síbi ẹran. Kò burú, Twyla á wí nínú ara rẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá búra níwájú rẹ̀, tí á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọjọ́ yẹn nìkan ló fi ń mú oorun sùn. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti tà yìí.

Ó wakọ̀ lọ sílé Dókítà Wessel. Dókítà ń kó ìwé sínú páálí. Arizona, níbi tí oòrùn wà, lòun àti Peg ìyàwó rẹ̀ ń kó lọ.

"Ẹ ò tiẹ̀ pè mí," Twyla wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Wọlé, jókòó. Peg ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ búrẹ́dì dídùn kolache nínú ààrò."

"N ò wá jẹun, Dókítà."

"Àwọn tó fẹ́ ra kílíníìkì ní àwọn ò ní ra ohun tí ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Mo ti dàgbà, Twyla. Ṣé kí n kú sídìí ẹjọ́ ni?"

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ orúkọ tèmi nìkan?"

"Ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. N ò sí níbẹ̀."

"Ibi tí ẹ ti ń pẹja lẹ wà! Mo pè yín, ẹ ní ohun tí mo ṣe dáa."

"Ó dáa náà. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé ó dáa."

"Gbogbo èèyàn àfi àwọn tó ń sanwó."

Peg gbé àwo kolache kalẹ̀ láàárín wọn. "Má pariwo mọ́ ọn, Twyla. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru."

"Kì í ṣe owó tìẹ ni wọ́n san," Dókítà wí, ó tún ń to ìwé. "Wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi."

"Bí n ò bá jẹ̀bi, kí ni wọ́n ń san?"

Dókítà fi téèpù di ẹnu páálí.

Nígbà tí àwọn tó ra kílíníìkì gbà á, ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ tutù bí omi àmù, pe gbogbo òṣìṣẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. "Ǹjẹ́ wọ́n ti sanwó rí nítorí ìtọ́jú tí ẹ ṣe?" ó bi Twyla. Kò nílò kó bi í. Ìjọba ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ sójú kan tí gbogbo ọsibítù ń yẹ̀ wò, kì í sì í parẹ́. Twyla ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọkùnrin náà ń mi orí bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní àwọn á pè é. Wọn ò pè é.

Ìgbà yẹn ló tó lọ sóko Tietjen. Lorna ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. Kò dúró.

"Ẹjọ́ ti parí, Màmá Lorna. Kò sẹ́ni tó lè ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀ mọ́."

"Máa sọ ọ́."

"Mo ní kó lọ sí ọsibítù. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní àgbàdo òun wà lóko. Mo fẹ́ pè yín, ó halẹ̀ mọ́ mi."

Ọwọ́ Lorna dúró nínú garawa. "Ó jọ ọ́," ó wí. "Ó jọ Orval pátápátá."

Àyà Twyla fúyẹ́.

"Ohun tí mo fi pẹjọ́ nìyẹn," Lorna ń bá a lọ. "Kí ẹnì kan búra, kó sọ bó ṣe rí fún mi. Mo dúró, mo dúró. Owó lẹ gbé wá."

"Èmi kọ́. Dókítà ló fọwọ́ sí i. Wọn ò bi mí."

"Orúkọ ẹ ló wà lórí ẹ̀."

"Màmá Lorna, mo fi Ọlọ́run búra…"

"Nínú àgbàlá adìyẹ lo ti ń búra?" Lorna wò ó, kò sí ìjà lójú rẹ̀. "Bóyá òótọ́ lo ń sọ. Bóyá o kàn ń wá ẹni tí á gbà ọ́ gbọ́ ni. N ò ní mọ̀ láé, Twyla. Ẹ ti ra ìbúra kóòtù lọ́wọ́ mi, mo sì ti ná nínú owó ẹ̀."

Ó gbé garawa rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, bí ẹni tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló dun Twyla jù.