Ojú Kejì Àwo Afárá Onígi

Awò ló ń tà, àwo ló ń rà. Bí àwọn aládùúgbò ṣe máa ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, kì í sì í bínú. Awò ojú ló fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, níbi tó ti ń gé dígí, tó ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi wọ inú férémù. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé, àwo orin ló ń gbà á. Kì í tún ṣe àwo orin kan ṣáá. Orin eré orí ìtàgé nìkan ló ń kó jọ, èyí tí àwọn òṣèré tó kọ́kọ́ ṣe eré náà bá fi ẹnu ara wọn kọ sínú àwo. Ó ní eré lè kógbá sílé, òṣèré lè darúgbó, àmọ́ ohùn tó ti wọ inú àwo kò ní hu ewú láéláé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Aláwo. Ohùn tó bá wu oníkálukú ni kó fi pe orúkọ náà, kò sí èyí tí kò bá a mu.

Ní ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn ọdún, ènìyàn méjì máa ń wá sí pálọ̀ rẹ̀. Ìkíní ni obìnrin tó ń ta àwo fún un, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́jà. Ìkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oníduùrù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní piánò. Aláwo yóò gbé àwọn àwo ọdún náà síta, yóò fi díẹ̀ díẹ̀ hàn wọ́n, yóò sọ tinú rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò dé ọ̀kan ládé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, yóò gbé tíì fún wọn, yóò wá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí so èso dáadáa. Àwo Ọmọ Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, tí wọ́n gbà sílẹ̀ níṣojú àwọn òǹwòran gan-an. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó máa ń húkọ́ nígbàkígbà tí ìyá alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ sunkún, Aláwo sì ní ikọ́ náà ti di ara orin. Ìgbéyàwó Lórí Omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìyẹn, fèrè àti ìlù ń jà lórí ọ̀rọ̀ bí ajá méjì lórí egungun, akọrin wá dà bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aláwo gbé Afárá Onígi sórí ẹ̀rọ, orí rẹ̀ wú. Piánò kan, gìtá kan, àti ohùn ènìyàn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ afárá ń pe obìnrin kan tó wà ní òdì kejì odò, obìnrin náà sì ń dá a lóhùn. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé adé ọdún ti rí orí. Ìgbà tó wá yí páálí àwo náà padà láti wo ẹni tó kọ orin aṣọ́fárá ni inú rẹ̀ bàjẹ́. Agogo ni.

Kí Ìyá Ìbejì tó wọlé ọkọ, ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan. Òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agogo ni wọ́n jọ máa ń kọrin, gbogbo ẹgbẹ́ sì gbà pé wọn yóò fẹ́ ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Aláwo kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Kò dun Aláwo nígbà náà, nítorí Agogo kò ju ẹni tó ń kọrin ìpolówó ọṣẹ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Aláwo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sílé, ó padà wá mú un. Ó gbọ́ orin láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ni, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó di ojú. Bí orin náà ṣe parí, ó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún di ojú. Aláwo rọra bọ́ sẹ́yìn, ó sọ̀kalẹ̀ láì mú kọ́kọ́rọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ́gbọ́n béèrè pé, “Àwo Afárá Onígi yẹn, ṣé o ti gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Ó dára.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó yìn ín lọ títí ni, bóyá ara ì bá tu ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n “ó dára” yẹn wọ inú Aláwo bí ikán ṣe ń wọ òpó ilé, tí ojú òde á máa dán, tí inú á ti di ihò. Lẹ́nu iṣẹ́, ó gé dígí ojú ọ̀tún oníbàárà kan sí òsì, ọkùnrin náà wọ̀ ọ́, ó jáde, ó kọ lu ilẹ̀kùn. Nígbà tó di pé lójoojúmọ́ ni Aláwo ń bá páálí àwo náà níbi tí òun kò fi sí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó mú irin ṣóńṣó tó fi ń tún férémù ṣe, ó yí àwo náà sí ojú kejì, níbi tí aṣọ́fárá àti obìnrin òdì kejì odò ti jọ ń kọrin, ó fa ìlà kan sí i. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ìka kan àwo rẹ̀. Ó yára dá a padà sínú páálí, bí ẹni tó gbá ọmọ tuntun létí.

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Ó fi àwo kan tẹ̀ lé òmíràn, ó wá ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ lòun dé ládé.

“Afárá Onígi ńkọ́?” Oníduùrù béèrè.

“Ohùn ọkùnrin yẹn ti ṣá.”

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. “Aláwo, etí yín ló ṣá. Ẹ fi sí i ká gbọ́.”

Kí Aláwo tó wá ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá Ìbejì ti dìde. Ó gbé ojú kejì sórí ẹ̀rọ. Orin náà ń lọ dáadáa títí Agogo fi dé ibi tó ti ní kí obìnrin náà padà. Àwo náà wá há síbẹ̀. Padà, padà, padà, padà. Oníduùrù ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọlọ́jà gbé àwo náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Kì í ṣe bí mo ṣe tà á nìyí,” ó ní. “Irin ló ṣe èyí.”

Ìyá Ìbejì gba àwo náà, ó dá a padà sínú páálí, ó bu tíì kún ife àlejò. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi rántí pé àwọn ní ibòmíràn láti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ ṣe é.”

“Èmi ni.”

“Nítorí Agogo?”

Aláwo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo jọ.

“Agogo tó jẹ́ pé tó bá kọrin tán, á máa bi gbogbo ènìyàn léèrè bí òun ṣe kọ ọ́? Tí mo bá fẹ́ ẹ, ta ló máa gbọ́ tèmi nínú ilé?”

“Kí lo wá ń wá nínú àwo yẹn lójoojúmọ́?”

Ó jókòó. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohùn. Ta ló ń dá a lóhùn láti òdì kejì odò?”

“Obìnrin kan ni. N kò mọ̀ ọ́n.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn mi ló máa ń dúró sí. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa mí kó tó gbé ohùn sókè. Mo lóyún ìbejì, mo jókòó sílé, òun bọ́ síwájú. Mo ń gbọ́ ọ kí n lè rí ibi tó ti ṣìnà. Mi ò tíì rí i.” Ó ti páálí àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Owú ń jẹ èmi náà. Àmọ́ mi ò fi irin họ nǹkan ẹnikẹ́ni.”

Ó yẹ kí ara tu Aláwo, nítorí Agogo kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Kò tù ú. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ra ohùn olóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ èyí tó ń bá a gbélé kó kọrin rí. “O ò sọ fún mi,” ó ní.

“Ẹ ò bi mí.”

Lẹ́yìn tí Aláwo ti ra Afárá Onígi mìíràn, tí Ọlọ́jà sì ti fi ṣe ẹlẹ́yà tó bó ṣe fẹ́, Oníduùrù wá sọ pé ẹgbẹ́ òṣèré tí òun ń tẹ piánò fún ń wá àwọn obìnrin àgbà tó máa gbe orin. Ìyá Ìbejì lọ. Wọ́n mú un, kì í ṣe síwájú, sáàárín àwọn elégbè. Láti ìgbà náà, Aláwo ń dá oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ jẹ. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó mú agboòrùn, ó lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ó gbọ́ ẹ̀rín nínú lọ́hùn-ún, ó dá ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

“Ta ló rán yín wá?” Ìyá Ìbejì bi í nígbà tó jáde.

“Òjò ni.”

Nígbà tí ọdún tún yí po, wọ́n gba orin eré tiwọn sínú àwo. Aláwo gbọ́ ọ lọ, ó gbọ́ ọ bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ọdún, Oníduùrù jókòó, ó ń retí adé. Àwo mìíràn ni Aláwo dé ládé.

“Àwọn elégbè pẹ́ wọlé nínú orin kẹta,” ó sọ, kò wo ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Òótọ́ ni. A pẹ́.”

Oníduùrù bínú débi pé kò mu tíì rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí Ìyá Ìbejì bá ti lọ sí ìdánrawò, Aláwo máa ń gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, yóò fi etí ti gbohùngbohùn, yóò máa wá ohùn kan láàárín ohùn púpọ̀. Kò tíì rí i. Ó bi í pé èwo ni tirẹ̀, ìyẹn ní kó máa wá a. Nígbà mìíràn, á máa jowú àwọn obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn gbọ́ ọ kedere.