Aago Ọmọ Tó Wà Lájò

Lẹ́yìn oúnjẹ ni màá sọ fún wọn... Rárá. Wọ́n ti jẹun tán. Mò ń gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń kó àwo lọ sẹ́yìn, tó ń kọ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Àbí lánàá tí mo dé, nígbà tí báàgì mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, tí inú wọn ò tíì dùn jù... Ó ti bọ́. Ohun tó kù báyìí ni aago. Bàbá lè pè mí nígbàkigbà. Wọ́n á ní kí n wá gun àkàbà.

Orí ń fọ́ mi ni mo sọ tí mo fi wọ yàrá yìí. Irọ́ ni. Ó kéré tán, irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ní báyìí, orí ọ̀hún ti ń fọ́ mi lóòótọ́. Ẹnu mi ló pè é.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti àbúrò mi máa ń jà lé lórí. Wọ́n ti sọ yàrá náà di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí: fáànù tó ti kú, àpótí aṣọ Màmá, páálí ńlá kan tó kún fún aago táwọn oníbàárà gbé wá fún Bàbá tún ṣe tí wọn ò padà wá gbé. Bàbá ò lè da aago nù. Ọ̀kan ṣì ń dún nísàlẹ̀ páálí náà, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi náà ti... Má ronú lọ síbẹ̀. Ronú nípa ohun tó o fẹ́ sọ.

Mo fẹ́ sọ pé, Bàbá, aago tí ẹ gbé kọ́ fún wa yẹn—

Fún wa. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń dúró.

Gbogbo ọmọ tó bá ti ilé yìí lọ sókè òkun ni Bàbá ń gbé aago kọ́ fún lára ògiri pálọ̀, wọ́n á sì yí i sí àkókò ibi tọ́mọ náà wà. Ti ilé wà láàárín. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lápá òsì, tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òfin Bàbá ni pé ẹni tó bá wà lájò, aago tiẹ̀ la fi ń kí i. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá pe ilé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú níbí, tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tiẹ̀, gbogbo wa á pariwo "Ẹ káàárọ̀ o" sínú fóònù, òun náà á máa pariwo "Ẹ káalẹ́" padà. Aládùúgbò wa á ṣí fèrèsé, á ní ìdílé Bàbá Alágo tún ti ya wèrè. Ó ti mọ́ wa lára. Kékeré ni mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú gbogbo ilé. Ká sòótọ́, Bàbá nìkan ló ń wo àwọn aago náà. Àwọn tó kù á kàn bi wọ́n pé, ṣé àárọ̀ ni àbí alẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹni yẹn?

Ọjọ́ ọdún wá ni ẹni tó bá ti àjò dé máa ń mú aago rẹ̀ wálé. Fúnra rẹ̀ ló máa gun àkàbà, á sọ ọ́ kalẹ̀, á yí i kó bá ti ilé dọ́gba, àwọn tó kù á pàtẹ́wọ́. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe," Bàbá á ní. Títí dìgbà tó o bá gun àkàbà yẹn, lójú tiwọn, o ò tíì dé. O ṣì wà lájò, bó o tiẹ̀ ti jẹ ìrẹsì wọn yó. Tó o bá sì ń padà lọ, wàá yí i sí àkókò ibi tó ò ń lọ.

Ibi tí mò ń lọ.

Ìlú tí wọ́n yí aago mi sí, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Èmi ti kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn pátápátá, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, níbi tá a ti ń ronú oúnjẹ ọ̀sán kí Bàbá tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìlú ti tẹ́lẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn aago ilé, ìlú tuntun ń bẹ níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù mi àtijọ́ ni mo ṣì ń lò, torí náà kò sẹ́ni tó mọ̀. Lánàá, Màmá bi mí pé ọkọ mi ńkọ́, mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè. Wọ́n ní iṣẹ́ ìlú òkèèrè ò mọ ọdún. Wọ́n ti ya itan adìẹ tiẹ̀ sọ́tọ̀ báyìí, wọ́n fẹ́ yan án gbẹ kí n lè gbé e lọ fún un.

Ká ní ó nà mí ni, ọ̀rọ̀ ì bá wà lẹ́nu mi. Ká ní ó gbé obìnrin wálé. Àwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú ìyẹn. Wọ́n á bú u, wọ́n á sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọsàn ló ń bó. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń bó ọsàn, ó ní, "Kò sóhun tó o ṣe. Ó kàn ti sú mi ni." Ó sì ń bó o lọ, èèpo rẹ̀ ò já. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ ìyẹn ní pálọ̀ lọ́jọ́ ọdún? Ó kàn ti sú u. Bí ẹni pé ìrẹsì ni mí.

Bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo. Awò kékeré tí wọ́n máa ń fi sójú kan tí wọ́n bá ń tún aago ṣe, ọmọ tí wọ́n bí gan-an ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá kí wọn, àwọn fúnra wọn ló bọ́ ọ fún un, wọ́n ní kó wá wo bí inú aago ṣe rí. Àwọn méjèèjì tẹ̀ mọ́ tábìlì títí oúnjẹ fi tutù. "Èyí kì í ṣe àna," ni wọ́n sọ fún Màmá, "ọmọ ni." Lọ́jọ́ tá a fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n gun àkàbà, wọ́n kan ìṣó, wọ́n gbé aago wa kọ́. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn látòkè. "Aago kan ṣoṣo ni mo gbé kọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì o. Ẹ má jẹ́ kó di méjì."

Ẹ má jẹ́ kó di méjì... Ó ti di méjì, Bàbá. Ọ̀kan wà lára ògiri yín, ọ̀kan wà lọ́rùn ọwọ́ mi.

Ooru mú, síbẹ̀ aṣọ alápá gígùn ni mo wọ̀, nítorí aago ọwọ́ yìí. Látinú bàálù ni mi ò ti yí i. Mo lè yí i báyìí, kò gba nǹkan kan. Ọmọ alágo ni mí. Mo di etí kékeré tí wọ́n fi ń yí i mú... mo tún fi í sílẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá la wà níbí. Ohun tí èyí ń wí ni aago méje kọjá. Lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ ti ṣú, obìnrin tó ń gbé lókè mi á ti máa wọ́ àga kiri bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́dọ̀ mi. Wò ó, mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé wálé, aago yìí nìkan ni kò tíì parọ́. Mi ò lè sọ òun náà di òpùrọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àbí kí n parọ́ náà lọ? Màá gun àkàbà, màá mú aago wálé. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, màá yí i padà sí ìlú ọkọ mi, ó parí. Ẹnu mi ti ń pa á tipẹ́, ṣé ọwọ́ ni ò ní lè pa á? Ọwọ́... Ọwọ́ ara ẹni. Bàbá á wà nísàlẹ̀, wọ́n á di àkàbà mú kí n má baà ṣubú, èmi á wà lókè tí mò ń fi ọwọ́ mi tàn wọ́n...

Kí n sọ òtítọ́ ńkọ́? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: orí Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí. Ọ̀sán nìgbà yẹn ń jẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ mi. Nígbà tí mo kó lọ, ìpè yẹn wá ń bá mi láàárín oorun. Màá fò dìde, màá wúkọ́ kí ohùn mi lè já gaara. Wọ́n á ní, "Káàsán, ọmọ mi," èmi náà á ní, "Ẹ káalẹ́, Bàbá," bí ẹni pé oòrùn ń ràn sí mi lójú, nínú òkùnkùn birimù.

Nígbà tó yá, wọ́n ò pè lálẹ́ mọ́. Àárọ̀ ni wọ́n wá ń pè, ní kété tí wọ́n bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, torí ojú mi á ti là. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá lọ́dọ̀ ọkọ mi nírú àsìkò yẹn. Bàbá tí wọ́n nà wá nígbà tá a wà ní kékeré torí pé a kan ilẹ̀kùn aládùúgbò ní ìdájí, àwọn náà ló wá ń pe tọkọtaya ní ìdájí? Màá máa yán, màá máa fi ohùn oorun sọ̀rọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán lẹ́nu mi. "Káàsán" yẹn náà, wọn ò fi í sílẹ̀. Àárọ̀ la wà níbí, ìdájí ni níbẹ̀, "Káàsán, ọmọ mi." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sunkún. Mo ní ó ti dé. Ẹni tó mọ aago gbogbo ayé sórí ni aago ti ń dà rú mọ́ lójú.

Mo fi ọgbọ́n bi àbúrò mi. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní Bàbá le bí òkúta. Àfi pé wọn ò jẹ́ kí òun nu aago mi mọ́. Òun ń nu ti ilé, òun ń nu ti ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n tó bá ti kan tèmi, àwọn fúnra wọn ló ń gun àkàbà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. "Wọ́n ní kò gba kí èèyàn máa fọwọ́ kàn án báyìí." Mo ní, ṣé ó tún kù? Bí ọjọ́ ogbó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọn ò béèrè ọkọ mi mọ́ náà. Ṣé mo ti jẹun ni wọ́n ń béèrè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìwọ àti ta lẹ jọ jẹun?" Mo ní èmi nìkan, pé ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n rọra máa jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ibẹ̀ sọ̀rọ̀, mo fi ọwọ́ bo fóònù, ó ti pẹ́ jù. "Ọkọ̀ yín ń sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó ń gbàgbé... èmi ni màá wá fi ọ̀rọ̀ yìí pa ìyókù ọkàn rẹ̀?

Àkàbà ti ń ha ilẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí.

Mo dìde. Mo fa apá aṣọ mi wálẹ̀ dáadáa. Màá parọ́. Ó ti tán. Màá pa á títí kí wọ́n lè fi ìbàlẹ̀ ọkàn darúgbó... Mo ti dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Màmá ń fi ọmọrí ìkòkò fẹ́ ara wọn. Àbúrò mi ń nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. Bàbá dúró sídìí àkàbà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, èmi ni wọ́n ń wò. Láti àná ni mo ti ń sá fún ògiri yẹn. Nígbà tá à ń jẹun, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Mo gbójú sókè.

Ti ilé, aago mẹ́ta kọjá. Tèmi...

Aago mẹ́wàá ló yẹ kó wà. Mẹ́wàá àárọ̀ ìlú ọkọ mi.

Aago méje kọjá ni.

Ó ti dúró ni. Bátìrì rẹ̀ ti kú... Rárá, ọwọ́ tín-ín-rín yẹn ń rìn. Mo ká apá aṣọ mi díẹ̀, mo wo ọrùn ọwọ́ mi. Méje kọjá. Mo wo ògiri. Mo tún wo ọwọ́ mi. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn.

Kò gba kí èèyàn máa fọwọ́ kàn án báyìí... Orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ìpè àárọ̀ tí kì í bá mi lójú oorun. Káàsán. Ọ̀sán ni! Lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ni lóòótọ́. Aago tèmi ni wọ́n ti fi ń kí mi láti ọjọ́ yìí wá, èmi wá jókòó, mò ń yán sí wọn létí bí òmùgọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣe aago kó tó tú ìdí rẹ̀, ṣé ohùn ọmọ rẹ̀ ni kò ní gbọ́? Wọ́n mọ̀. Oorun tó wà lóhùn mi lálẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, èdè inú ọkọ̀ yẹn wá sọ ìyókù. Wọ́n yí àkókò ìpè wọn padà kí n lè máa sùn. Wọn ò bi mí, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń gun àkàbà, wọ́n ń dúró dè mí. Ojú ń tì mí. Inú mi sì ń dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe.

"Káalẹ́, ọmọ mi," Bàbá wí.

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, ọ̀sán gangan la wà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń pa yín. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì di àkàbà náà mú.

Mi ò tíì gùn ún. Mo ṣì wà lájò. Ẹni tó bá sì wà lájò nílé yìí mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ilé. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo wà. Apá aṣọ mi ká sókè, mi ò sì fà á wálẹ̀ mọ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá."