Fáìlì Tó Di Ti Ọ̀gá

"Tún un fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni bàbá wí.

"Bàbá mi, a ti yọ ètò ìtòwé yìí kúrò lórí kọ̀ǹpútà, a ti fi í padà. Kò ṣí náà ni."

Olùkọ́ kan jókòó sẹ́yìn wọn. Ìbéèrè ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ máa kọ láàárọ̀ ọ̀la ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, wọn ò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Bàbá ló ni ilé ìtẹ̀wé náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé. Bàbá máa ń yìn ín fún gbogbo ayé, àfi lójú ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù tó ń fúnni láṣẹ lórí Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ á yíjú sí ògiri, bàbá á tún fọwọ́ òsì bo kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń gbé ẹja pamọ́ fún ológbò. Ó ń dun ọmọ náà.

Ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ti ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ òní ló yẹ kó fèsì. Bàbá ti gbọ́.

Ọmọ náà ní kí ẹ̀rọ to àwọn fáìlì òun sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n. "Root" ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, orúkọ tí Linux ń pe ọ̀gá pátápátá.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan ètò ìtòwé yìí láàárọ̀ ni?"

"Ó ń lọ́ra. Mo fi páswọ́ọ̀dù ṣí i kó lè yára."

"Ìyẹn ni pé ọ̀gá ló ṣí i, nínú àpò fáìlì tèmi. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ti di ti ọ̀gá. Kò bàjẹ́, mi ò kàn láṣẹ lórí ẹrù ara mi mọ́ ni. Bí a bá ń tún ètò náà fi síbẹ̀ títí dọ̀la, ọwọ́ ọ̀gá náà ni àwọn fáìlì yẹn máa wà."

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ kúkú ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, fún gbogbo ayé láṣẹ," ni bàbá wí.

"Ìbéèrè ìdánwò ńkọ́? Oníbàárà tó bá wá lo ẹ̀rọ yìí á kà á. Orúkọ mi la máa dá padà síbẹ̀, kò ju ìlà kan lọ."

Ó tẹ ìlà náà, ó yíjú sí ògiri. Bàbá tẹ páswọ́ọ̀dù. Ètò ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀ tí mi ò sí nílé ńkọ́?" ni bàbá béèrè.

"A ó jókòó dè yín ni."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni bàbá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò le.

"Tàgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè, Bàbá mi."

Bàbá fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Báwo ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ èèyàn kún àwọn tó láṣẹ?"

Ọmọ náà fi hàn án. Ìka kan ni bàbá fi ń tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń béèrè lẹ́tà tó kàn. Nígbà tó parí, ọmọ jáde kúrò lójú ẹ̀rọ kó lè tún wọlé, ẹ̀rọ sì béèrè páswọ́ọ̀dù ọmọ náà.

Bàbá dìde, ó kọjú sí ògiri.

"Tẹ tìrẹ," ló wí.

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù rẹ̀, ó kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé ńlá náà pé: "Ẹ ṣeun, mo ti níṣẹ́." Bàbá ò tíì yíjú padà.