Ìlà Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Mummy Ọlágòkè

Mo ti ṣe ìrìbọmi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé kèfèrí ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Oṣù tó kọjá ni Pastor Malachi rì mí sínú ike ńlá tí wọ́n rọ omi sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham, ní London, ilé tí wọ́n ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀. Mo jáde, mò ń gbọ̀n. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ti ṣàn lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà rèé. Ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ láti tọ́jú wọn. Mummy Ọlágòkè wà lára wọn. Aago méje àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n fún wọn lógì àti oògùn, kí n tún padà ní aago méjìlá. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà lórí fíríìjì wọn. Ní Sátidé kan, mi ò lọ láàárọ̀. Ara mi kúkú yá. Oorun ló dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo dé ní aago méjìlá, Mummy wà nílẹ̀ nínú kíṣìnì, ojú wọn là sílẹ̀. Dípò kí n pe ambulance, ìwé ni mo kọ́kọ́ mú. Mo kọ ọ́ pé: "Aago méje. Wọ́n jẹ ògì, wọ́n lo oògùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Mummy ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú.

Kí n tó ṣe ìrìbọmi, mo jẹ́wọ́ fún Pastor pé mo purọ́ sínú ìwé.

"Sister, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti nù ún kúrò," ni wọ́n wí. "Don't go back to it. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó pé ọdún kan tí Mummy kú. Kánsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Mummy bí, wá láti Manchester ṣe ìdúpẹ́ ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ìyá rẹ̀ náà ń wá kí ẹsẹ̀ wọn tó kọṣẹ́. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ìlà mi sétí gbogbo ìjọ, ó ń sunkún.

"Ìlà yìí ló gbé mi dúró," ló wí. "At least mo mọ̀ pé my mum was happy that morning. Somebody fed her. Aunty Yéwándé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ gbàdúrà fún wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Mo mọ̀ pé tí mo bá gba àdúrà yẹn, mo kàn lọ wẹ̀ lásán ni lóṣù tó kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó ń gba máíkì láì kọ́kọ́ pariwo "Praise the Lord", torí náà èmi náà pariwo ẹ̀. Mo wá sọ pé irọ́ ni ìlà yẹn, pé mi ò wá láàárọ̀, pé ilẹ̀ ni mo ti bá wọn. Àwọn kan tiẹ̀ ṣì dáhùn "Halleluyah" kó tó yé wọn.

Pastor nawọ́ sí máíkì, wọ́n ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Kánsọ́lá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

"Ojú wọn là?" ló bi mí.

"Ó là."

"Did she say anything?"

Èyí ni mi ò sọ fún Pastor pàápàá.

"Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo ní kí wọ́n dúró, kí n kọ̀wé tán. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, wọn ò lè gbé e mì mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ì bá gbá mi létí, ì bá tù mí lára. Ó ṣí ìwé náà síwájú mi, ó fi báírò lé e.

"Pastor ní God has forgiven you. Èmi ò tíì lè ṣe é," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo mú báírò náà. Mo kọ ọ́: "Aago méjìlá. Wọ́n bèèrè omi. Mi ò fún wọn."

Kánsọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìwé ìyá rẹ̀, ó jáde. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga.